Iṣẹ́ ìránṣẹ́ kan ní Gánà fẹ́ kí n wá sìn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀, oṣù mẹ́fà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ajílété (ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọ̀nà Tákíẹ́ là ń gbé, tíṣà Primary 2 ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan, ọdún kẹrin mi rèé níbẹ̀. Oṣù tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ Ọlọ́run kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa láti Gánà, àárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ ẹja lórí adágún Volta ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi fọ́tò hàn wá lára ògiri, ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ kó lè tú àwọ̀n tó há, torí pé nígbà tí wọ́n parí dáàmù Akosombo ní 1965 tí omi wá bo ilẹ̀, igbó ni omi bò mọ́lẹ̀, àwọn kùkùté igi yẹn ṣì dúró nínú omi títí dòní, àwọn ló ń há àwọ̀n mú, ọmọdé tí ìka ẹ̀ kéré ni wọ́n sì ń rán lọ tú u. Òmíràn á lọ, kò ní padà sókè. Ẹni tó ń sọ ọ́ ò gbé ohùn sókè rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pa rọ́rọ́.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́rìnlélógún ló wà ní kíláàsì mi, mo mọ bí ọwọ́ wọn ṣe kéré tó.

Wọ́n ní tí àwọn bá ti bá ọlọ́pàá àti wẹ́fíà gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n wá ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ká máa bá wọn ṣeré, ká máa wẹ̀ fún àwọn kékeré, ká kọ́ wọn ní ABC àti Bíbélì, ká fi ìfẹ́ ìyá hàn wọ́n. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, ọwọ́ ẹni tó ń lọ ló ti máa wá. Pásítọ̀ wa ti fọwọ́ sí i, inú wọn dùn. Bàámi ò tíì sọ nǹkan kan. Màámi ní àwọn ò gbà, wọ́n ní ṣé kò sí ọmọ tí ìyà ń jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ní tèmi o, ọkàn mi ti lọ, mo ti ń rí ara mi níbẹ̀ bíi màmá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí ni ó yẹ kí n mọ̀, kí ni kí n mú dání?

Ìyá_Ìbejì_Sábó (9:58 alẹ́)

Ọmọ mi, Ọlọ́run á rántí ẹ sí rere, ọkàn tó dáa lo ní. Ṣùgbọ́n má bínú sí ìyá ẹ o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ta ló mọ àwọn èèyàn yìí? Ṣé pásítọ̀ yín ti dé ibẹ̀ rí, àbí fọ́tò ni gbogbo yín rí? Owó oṣù mẹ́fà tó ò ní gbà ńkọ́, ṣé ilé ìwé yín máa di àyè ẹ mú dè ọ́? Tí ibà bá gbé ẹ dè níbẹ̀, ta ni wọ́n máa pè? Gba ìdáhùn gbogbo ìyẹn kó o tó bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá rí i pé o ti rò ó jinlẹ̀ ara wọn á balẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sẹ́mínárì (10:15 alẹ́)

Arábìnrin mi, lọ! Jákọ́bù 1:27 ti sọ ohun tí ìsìn mímọ́ jẹ́, ká máa bojú tó aláìníbaba àti opó nínú ìpọ́njú wọn. Èmi ń kàwé ní sẹ́mínárì Baptist níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti 1898, bí àwọn kan ò bá fi ilé wọn sílẹ̀ wá bá wa, kí ni à bá pe ìlú yìí lónìí? Nọ́ọ̀sì ni Ruth Kersey, Amẹ́ríkà ló ti wá, ó gba ọmọ àwọn tó kú sórí ìkúnlẹ̀ tọ́, ilé ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà láàárín wa. Mary Slessor dé Calabar ní 1876, ó gba àwọn ìbejì tí wọ́n fẹ́ jù sínú igbó. Tí gbogbo wọn bá dúró gbọ́ tẹbí, ìbejì wo ló máa yè? Má fi ẹ̀rù dá ìpè dúró.

Mo_Ti_Dé_Nairobi (10:51 alẹ́)

Mo ka ọ̀rọ̀ bọ̀dá sẹ́mínárì, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní 2016 mo lọ sí Kenya fún oṣù mẹ́ta, ilé ọmọ ti Kristẹni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé ọmọkùnrin kan bí ọdún mẹ́rin ló sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ mí rí, kò béèrè orúkọ mi, ó kàn ní kí n gbé òun. Omijé bọ́ lójú mi, mo ní Olúwa o ṣeun, ìdí tó o fi rán mi wá rèé. Oṣù mẹ́ta gbáko la jọ ṣe, orí ẹsẹ̀ mi ló ti ń jẹun, orí ẹsẹ̀ mi ló ń sùn sí. Ọjọ́ tí mo máa lọ wọ́n ní kí n yọ́ lọ nígbà tó bá ń sùn kó má baà sunkún. Mo sì yọ́ lọ. Ohun tó ń dùn mí jù dòní nìyẹn, pé mo yọ́ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìyá tó ń dáná níbẹ̀ sọ fún mi lórí WhatsApp pé ọmọ náà ò jẹun dáadáa, pé ó ń lọ dúró ní géètì láàárọ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn dé láti ìlú òkèèrè ó tún sáré lọ dì mọ́ ìyẹn náà lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọmọ tó ní ẹni tiẹ̀ máa ń sá fún àlejò ni, ẹ wo ọmọ yín nílé tí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló máa sá sí.

Mo tún wá gbọ́ níkẹyìn pé bàbá ọmọ yẹn wà láyé, òṣì ló jẹ́ kó gbé e síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sẹ́mínárì (11:04 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí láti ka èyí. Ṣùgbọ́n ṣé kí ẹnikẹ́ni má wá lọ mọ́ ni? Ọmọ tó kúrò nínú omi lánàá ńkọ́, tí kò tíì sí bàbá tàbí ìyá nítòsí, ṣé kó má rí ẹni gbé e mọ́ra?

Mo_Ti_Dé_Nairobi (11:09 alẹ́)

Kó rí. Kó rí ẹni tó máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Wẹ́fíà_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì (ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un. Ọ̀rọ̀ bàbá tó wà láyé yẹn, kì í ṣe òun nìkan. Àjọ Save the Children tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé kọ ọ́ ní 2009 pé nínú ọmọ márùn-ún tó wà nílé ọmọ káàkiri ayé, ó kéré tán mẹ́rin ló ní ìyá tàbí bàbá tó wà láyé, ohun tó ń gbé wọn débẹ̀ jù ni àìlówó. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Bucharest ní Romania ní 2000, wọ́n kó àwọn ọmọ ọwọ́ kan kúrò nílé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí tó gbà wọ́n tọ́, wọ́n wá ń tẹ̀lé gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àwọn tó dọ́dọ̀ ẹbí ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ, àwọn tó tètè débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ló sì ṣe dáadáa jù. Ara ọmọ máa ń béèrè ẹnì kan pàtó. Oúnjẹ lásán ò tó o.

Gánà mọ ọ̀rọ̀ yìí, àárín 2006 sí 2007 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí dín ilé ọmọ kù kí ọmọ lè padà sọ́dọ̀ ẹbí. Kenya náà gbé ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fún un, 2022 sí 2032. Ní oṣù kejìlá 2019 àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé (UN) náà sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń lọ yọ̀ǹda ara wọn nílé ọmọ aláìlóbìí, torí wọ́n rí i pé bí àlejò tó ń mówó wá bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń wá ọmọ kún ilé, ọmọ tó nílé tó lọ́nà.

Àbúrò, mi ò sọ pé kó o má lọ. Ohun tí àwọn ará Volta yẹn ń ṣe lágbára, fífa ọmọ jáde lẹ́nu iṣẹ́ omi kì í ṣe ohun kékeré, Gánà sì ní òfin tó de kíkó èèyàn ṣòwò láti 2005. Ṣùgbọ́n pè wọ́n kó o bi wọ́n: ọmọ mélòó ló ti padà sílé láti ọdún tó kọjá, ta ló sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò nílé? Báwo ni ọmọ ṣe ń pẹ́ tó lọ́dọ̀ yín? Ṣé ìjọba Gánà fún ilé yín níwèé àṣẹ? Àwọn wo ló ń tọ́jú wọn lóru, ṣé ọmọ ìlú ni, ṣé ẹ ń san owó fún wọn lásìkò? Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tèmi, tó fi hàn pé mi ò dáràn rí, ṣé ẹ máa gbà á? Tí wọn ò bá béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ẹ, má lọ síbẹ̀, torí ẹni tí wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀ kó tó wẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò ní béèrè ti ẹlòmíràn náà.

Ìyá_Ìbejì_Sábó (7:02 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an bàbá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ọlọ́pàá yìí rèé, ó sì bọ́gbọ́n mu.

Abẹ́_Máńgòrò (1:33 ọ̀sán)

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ yìí síta. Ilé ọmọ ni wọ́n ti tọ́ mi, kì í ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibòmíràn ni, láti ọmọ ọdún mẹ́ta títí mo fi pé mẹ́rìnlá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ebi ò pa mí níbẹ̀. Aṣọ wà, ilé ìwé wà, àdúrà wà láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn àǹtí tó ń wá, òyìnbó àti dúdú, gbogbo wọn ló fẹ́ràn wa, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ọkọ̀ wọn bá ti dún ní géètì a máa sáré, torí a ti mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dì mọ́ wọn ni wọ́n máa gbé sórí itan. A ti kọ́ ọ mọ́ra ni. Wọ́n á kó wa jọ sábẹ́ máńgòrò, wọ́n á ya fọ́tò, a mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín fún un.

Àǹtí kan wà tó máa ń di irun mi ní Sátidé. Ṣùkú nìkan ló mọ̀ ọ́n dì, kò tiẹ̀ gún, ṣùgbọ́n ó máa ń kọrin sí mi létí tó bá ń dì í. Ó ní òun máa padà wá ní Kérésì. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú irun yẹn lẹ́yìn tó lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iná orí ti wọ̀ ọ́, mò ń jà, mò ń gé wọn jẹ, títí wọ́n fi dì mí mú fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ọmọ ọdún méje ni mí. Látìgbà yẹn mi ò béèrè orúkọ àǹtí kankan mọ́.

Ẹni tó dúró ni Ìyá Ìdáná. Ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ ló ń gbé, kò kàwé, owó oṣù ẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an, àlejò á kó bèbí àti bisikíìtì wá fún wa, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó jẹun. Òun ló jókòó sí ààyè ìyá ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ti gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ń la àlá burúkú òun ló ń wá jókòó tì mí.

Mo tún fẹ́ sọ èyí. Àbúrò ìyá mi wà láyé ní gbogbo ìgbà yẹn, ìlú tí kò tó ogójì ìṣẹ́jú nínú mọ́tò. Ó rò pé mo ti kú. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí ẹnì kan tó rò ó pé kí wọ́n lọ wá ẹbí mi. Mo máa ń ronú lórí owó ọkọ̀ àwọn àǹtí yẹn. Ti ẹnì kan péré nínú wọn tó láti wá a rí.

Ọmọ Ajílété, o kọ ọ́ pé ò ń rí ara ẹ bíi màmá wọn. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ màmá fún oṣù mẹ́fà.

Mo_Ti_Dé_Nairobi (1:50 ọ̀sán)

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ẹ ṣé gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sẹ́mínárì (3:12 ọ̀sán)

Àǹtí, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dárúkọ Mary Slessor lánàá bí ẹni pé lílọ nìkan ló ṣe. Mo padà lọ rò ó. 1876 ló dé, 1915 ló kú, ọdún mọ́kàndínlógójì, ó ń sọ èdè Efik bí ọmọ onílẹ̀, inú ilé ara ẹ̀ ló ti tọ́ àwọn tó gbà. Amy Carmichael náà, míṣọ́nnárì tó gba àwọn ọmọ tọ́, dé Íńdíà ní 1895, kò padà sílé mọ́ títí ó fi kú síbẹ̀ ní 1951. Àwọn tí mò ń fi ṣe àpẹẹrẹ, wọn ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà. Mi ò ro ìyẹn mọ́ ọn nígbà tí mò ń kọ̀wé.

Ọmọ_Ajílété (9:15 alẹ́)

Mo sunkún lónìí, ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Mo kọ́kọ́ bínú, ó dà bíi pé ẹ fẹ́ gba ohun tí Ọlọ́run fún mi lọ́wọ́ mi. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ kan ní kíláàsì mi tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Èkó wá dì mọ́ aṣọ mi, kò jẹ́ kí n rìn, mo sì rántí ohun tí ẹ kọ nípa irun. Mo máa pè wọ́n pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè bàbá wẹ́fíà. Mo máa wá sọ ohun tí wọ́n bá wí.

Bàbá_Tàmálè (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:45 àárọ̀)

Ọmọ wa, mo kí ẹ. Wọ́n bí mi sí Tamale, lókè ọya Gánà, ní 1956, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà. Àwọn ará wa pọ̀ ní ilẹ̀ Gánà nígbà yẹn débi pé àwọn Yorùbá oníṣòwò bíi tiwọn wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ dá ìjọ Baptist sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀. Lóṣù kọkànlá 1969 ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà yẹn, ní kí àlejò tí kò bá níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Orí lọ́rì la gbà wálé, ìyá mi fi ìkòkò àti ọjà sílẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Dagomba kan tí a jọ ń ṣeré sá tẹ̀lé ọkọ̀ wa títí ojú wa ò fi rí i mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kọ́ èdè kó o tó lọ. Tó o bá dé ibi omi Volta, Ewe àti Twi lo máa gbọ́ jù. Ọmọ tó ti fojú winá, tó o bá ń fi gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, wàá kàn máa kọjá lórí ẹ̀ ni. Tèmi tí mo gbọ́ dáadáa ni Dagbani, èdè àwọn Dagomba, àmọ́ mo ṣì mọ medaase ti Twi àti akpe ti Ewe, “o ṣé” ni ìtumọ̀ méjèèjì. Bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Awakọ̀_Sẹ̀mẹ̀ (8:30 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tèmi. Páàsìpọ́ọ̀tù tó ṣì ní ọjọ́, yellow card abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Sẹ̀mẹ̀ sọ pé òun máa bá ẹ ṣe é kíá. Kò sí vísà torí ECOWAS, 90 ọjọ́ lo ní, lẹ́yìn ẹ̀ àfi kó o lọ bá àwọn immigration wọn. Iṣẹ́ lo ń lọ ṣe, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó pè ẹ́ ìwé tí wọ́n máa bá ẹ gbà. Èkó, Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Aflao, Accra. Ojúmọmọ ni kó o fi rìn ín.

Ọmọ_Ajílété (ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, 8:05 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí kan àti díẹ̀ níkejì. Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà ló gbé fóònù, ó ní ọdún mélòó kan rèé tí òun ti ń retí kí ẹnì kan béèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí. Ìwé àṣẹ wà, wọ́n fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọmọ kì í pẹ́ ju oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ, ọ̀pọ̀ ti padà sílé, òṣìṣẹ́ méjì ni wọ́n ní tó ń lọ bẹ ẹbí wò, ó ní kò tó, pé ọmọ míì wà tó jẹ́ pé ìyá ẹ̀ tún fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ torí gbèsè, àfi tí wọ́n bá bá ìyá náà wá nǹkan tà. Ìwé ọlọ́pàá, wọn ò kì í gbà á tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní èmi máa mú tèmi wá, ó ní láti ìsinsìnyí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ló máa mú un wá.

Ibi tí a ò ti fohùn ṣọ̀kan ni fọ́tò. Mo ní ẹ má gbé ojú àwọn ọmọ yẹn kiri mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó kó wọn lọ lè rí wọn, wọ́n sì máa dàgbà. Ó ní láìsí fọ́tò kò sẹ́ni tó máa dáwó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán, mi ò sì ní jẹ́ kó tán síbẹ̀.

Mo wá bi í pé kí ni wọ́n nílò gan-an, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àwọn ìyá mẹ́rin tó ń sùn ti àwọn ọmọ lóru àti tíṣà méjì, ọmọ ìlú ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò tíì wọ kíláàsì rí hàn wọ́n, ìtìjú ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi sá kúrò níbi ABC torí ọmọ kékeré ni wọ́n ń jókòó tì. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ohun tí mò ń ṣe láti ọdún mẹ́rin nìyẹn, mo ní mẹ́ta ní kíláàsì mi tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo máa lọ nínú ọlidé gígùn yìí, ọlidé tó ń bọ̀ náà mo máa padà lọ, àwọn tíṣà àti àwọn ìyá ni mo máa jókòó tì, ilé àlejò ni mo máa sùn, mi ò ní wẹ̀ fún ọmọ kankan. Láàárín méjì yẹn a ó máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Pásítọ̀ ní kí owó oṣù mẹ́rin tó kù tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi ràn mí lọ́wọ́ lọ fún òṣìṣẹ́ kẹta tó máa máa bẹ ẹbí wò. Èmi ni mo béèrè fún un, ẹnu mi ń gbọ̀n. Màámi gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ṣé wọ́n ń jẹ àmàlà níbẹ̀, wọ́n ti ń lọ èlùbọ́.

Ìyá_Ìbejì_Sábó (8:11 alẹ́)

Wọ́n ti gbà nìyẹn o!

Abẹ́_Máńgòrò (8:40 alẹ́)

Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní orúkọ, sọ fún wọn pé tíṣà ni ẹ́. Sọ ọjọ́ tó o máa lọ fún wọn lọ́jọ́ tó o bá dé, kọ ọ́ sára ògiri kí wọ́n máa kà á. Má yọ́ lọ.

Ọmọ_Ajílété (8:44 alẹ́)

Mo ti gbọ́, Àǹtí mi. Mi ò ní yọ́ lọ. Kàlẹ́ńdà ńlá ni mo máa rà ní Tákíẹ́ lọ́la, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ gbòòrò.